Owó kẹ̀kẹ́ ìhìnrere lórí áàpù ọ̀fẹ́

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin olùkà wa. Àwọn lẹ́tà tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí, bí ẹni pé àwọn tó kọ wọ́n jọ jókòó kọ ọ́ ni. Ọ̀kan fẹ́ ta ìwé inú sọ́fútíwíà Bíbélì, èkejì ti rà á, ojú rẹ̀ sì ti rí màbo, ẹ̀kẹta ń bá àwọn tó ń pín ohun tí ẹlòmíì rà fà á, ẹ̀kẹrin fẹ́ ta sọ́fútíwíà náà gan-an. Ẹ̀karùn-ún, ẹ ó rí tirẹ̀ nísàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé orí àga onídàájọ́ ni mo jókòó sí, mo yára jẹ́wọ́: èmi náà ti ta irú ọjà yìí rí. Mo máa sọ bó ṣe rí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ àlàyé ẹsẹ-dé-ẹsẹ lórí ìwé Sáàmù, lálaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ di module tí èèyàn á máa kà nínú sọ́fútíwíà Bíbélì tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì máa gba owó lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ka Mátíù 10:8 sí mi létí: "Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀yin gbà, ọ̀fẹ́ ni kí ẹ fi fúnni." Arákùnrin kan nínú ìjọ wa tún ní Símónì ni mí. Ṣé lóòótọ́ ni mò ń ṣẹ̀? Bí kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÈSÌ: Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ gba Símónì sílẹ̀ lọ́wọ́ arákùnrin yìí. Ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Nígbà tí Pétérù àti Jòhánù dé, Símónì kò ta nǹkan kan fún wọn. Òun ló kó owó wá, òun ló fẹ́ rà. Bí ẹnikẹ́ni bá máa jẹ́ Símónì nínú ọ̀rọ̀ yìí, a jẹ́ pé ẹni tó rò pé owó òun lè ra agbára Ẹ̀mí ni. O kọ àlàyé Sáàmù ní tìrẹ. Kí arákùnrin wa lọ tún orí yẹn kà.

Ti ìyàwó rẹ wúwo ju ìyẹn lọ, má sì fọwọ́ gbá a dànù. Ohun tí Jésù ní kí wọ́n fi fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ẹsẹ yẹn, ó kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: kí wọ́n wo aláìsàn sàn, kí wọ́n wẹ adẹ́tẹ̀ mọ́, kí wọ́n jí òkú dìde, kí wọ́n lé ẹ̀mí èṣù jáde. Ẹsẹ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ẹsẹ 10, ẹnu kan náà ló sọ pé oúnjẹ oníṣẹ́ tọ́ sí i. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì wà fún. Ẹni tó bá jí òkú dìde kò gbọdọ̀ bu owó lé ìdílé òkú lórí, àmọ́ ebi kò gbọdọ̀ pa òun náà lọ́nà. Àwọn baba wa tó ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere kò purọ́: ẹnìkan ló ń sanwó iná, ẹnìkan ló ń sanwó dátà, ẹnìkan ló sì ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà tí àwọn yòókù ti sùn.

Ibòmíì ni ẹsẹ tó yẹ kó dẹ́rù bà ọ́ wà: 2 Kọ́ríńtì 2:17. Nínú Bíbélì wa àtijọ́, Pọ́ọ̀lù ní àwọn kò dà bí àwọn tó ń ba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀, kapēleuō, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Kapēlos ni wọ́n ń pe alágbàtà, pàápàá ẹni tó ń bu wáìnì tà. Nígbà tí wọ́n tú Aísáyà sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n lò ní orí 1 ẹsẹ 22: àwọn kapēlos rẹ ń fi omi lú wáìnì. Wọ́n ti mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Tó o bá ta ìwé rẹ, tó o sọ iye rẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á tó yọ owó, o ò tíì bu omi sí nǹkan kan. Omi ni kéèyàn máa dẹ́rù ba òǹrà pé ìbùkún kan wà tí kò ní kàn án bí kò bá san. Omi ni kéèyàn kọ "ỌFẸ́" gàdàgbà gàdàgbà síwájú, kó wá di ẹsẹ kẹwàá kí ilẹ̀kùn tì mọ́ òǹkàwé lójú.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi náà kọ àlàyé lórí Sáàmù, lórí àwọn ọ̀rọ̀ Hébérù inú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ di module fún àwọn sọ́fútíwíà tó ń lo ètò SWORD, èyí tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ CrossWire ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò yẹn fàyè gba kéèyàn ti ìwé pa. Fáìlì kékeré kan máa ń bá ìwé kọ̀ọ̀kan rìn, .conf ló máa ń gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Notepad lásán ló ń ṣí i. Orúkọ ìwé wà nínú rẹ̀, èdè rẹ̀ wà níbẹ̀, irú àṣẹ tó wà lórí rẹ̀, àti ìlà kan báyìí: CipherKey=. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn àmì ìdọ́gba yẹn, ìwé wà ní títì. Òǹrà á sanwó, mo máa fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí i, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ìwé á ṣí. Ìlà yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo ṣí fáìlì náà wò lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan, bí ẹni tó ń yọjú wo ọmọ tuntun.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí ti gbogbo èèyàn. Ẹni mọ́kàndínlógún ló rà á lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí fi ìwé mi ránṣẹ́ sí èmi gan-an, ó ní, "Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa o," kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú rẹ̀ digbí. Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń ka àwọn mọ́kàndínlógún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́pàá, pé èwo nínú wọn ni? Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ọjà tí mo tà fún ará sọ mí di ẹni tó ń fura sí ará.

Ìbínú yẹn kò tíì rọ̀ tí lẹ́tà ẹ̀sùn fi wọlé. Obìnrin kan tó rà á kọ̀wé pé: "Mo ṣí Sáàmù 51. Ẹsẹ 1 àti 2 ń sọ̀rọ̀ Dáfídì àti Nátánì. Ẹsẹ 3 ń sọ̀rọ̀ àánú. Ṣé ojú mi ni?" Ojú rẹ̀ kọ́. Inú Bíbélì Hébérù ni mo ti ń ka nọ́ńbà ẹsẹ mi, nínú Bíbélì Hébérù sì rèé, àkọlé Sáàmù máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti Sáàmù 51 gùn, ẹsẹ 1 àti 2 ló gbà, torí náà "Ọlọ́run, ṣàánú fún mi" tó jẹ́ ẹsẹ 1 lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ 3 ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sáàmù 52, 54 àti 60. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù fi ẹsẹ kan yẹ̀. Kí ló dé tí mi ò tètè rí i? Sáàmù 23 ni mo fi dán module náà wò, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ lórí. Àkọlé ìyẹn kúrú, inú ẹsẹ 1 ni wọ́n há a mọ́ pẹ̀lú "Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi," kò sí ohun tó yẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ni mo rìn wò, tí mo fi sọ fún aráyé pé ọ̀nà dára. Tó o bá jáde kúrò nínú Sáàmù lọ́jọ́ kan, ṣọ́ra fún Jóẹ́lì: orí mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn. Málákì ní tirẹ̀, mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi tún un ṣe. Mo fi èyí tó dára ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó rà á, mo sì bẹ̀ wọ́n. Àwọn tó gba èyí tí wọ́n pín kiri láìsanwó ń ka Nátánì níbi tí àánú wà lọ ní tiwọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mẹ́ta nínú wọn wá mi kàn pé àwọn fẹ́ sanwó. Ẹ̀kẹrin kọ̀wé bú mi pé ìwé tó kún fún àṣìṣe ni mò ń tà fáyé. Kò rà á o.

Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń tà gan-an. Wọ́n ti ní ìwé náà lọ́wọ́, wọ́n ti ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wá sanwó nítorí pé ẹnìkan wà lẹ́yìn ìwé yẹn tó ń dáhùn lẹ́tà, tó sì ń tún nǹkan ṣe. Bó o bá mọ̀ pé o ò ní dáhùn lẹ́tà, àbúrò, pín in lọ́fẹ̀ẹ́ kó o sì lọ sùn.

Bó o bá ṣì fẹ́ tà á, kọ̀wé sí ẹni tó ni sọ́fútíwíà náà ná. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò kọ̀ ọ́. e-Sword tí Rick Meyers ti ń pín fún àwọn tó ń lo Windows láti ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni, síbẹ̀ àwọn ìwé kan wà fún un tí èèyàn gbọ́dọ̀ fowó rà. Logos náà ń fúnni ní áàpù lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ló ń tà. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ wọn bá owó rìn rárá. Ilé wọn ni, bí wọ́n bá ní ká bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ká bọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bíbélì wo lo tẹ ẹsẹ rẹ̀ sínú ìwé rẹ? Ẹsẹ 2,461 ló wà nínú Sáàmù. Àwọn tó ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì NIV gbà kéèyàn lo ẹsẹ tó tó 500 láìtọrọ àṣẹ, bí kò bá ti jẹ́ odindi ìwé kan nínú Bíbélì, tí kò sì tó ìdá mẹ́rin gbogbo ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìwé àlàyé tí wọ́n máa tà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Ṣé o rí i pé o ti fo gbogbo odi yẹn kọjá láìmọ̀? KJV ti dàgbà, síbẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ ọba ṣì wà lórí títẹ̀ ẹ́. World English Bible kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ ẹnikẹ́ni, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣọ́: bó o bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, o ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni àwọn tó ni Berean Standard Bible fi tiwọn náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn jù ni kó o má tẹ ẹsẹ kankan sínú rẹ̀. Sọ́fútíwíà ní Bíbélì tirẹ̀. Jẹ́ kí module rẹ gbé àlàyé nìkan, kí òǹkàwé ṣí Bíbélì tó bá wù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn Sáàmù 51 ti máa ń yọjú, torí náà kọ irú nọ́ńbà ẹsẹ tó o lò sójú ewé àkọ́kọ́, kó o sì dán an wò ní 51, má lọ sí 23.

Ti iye owó kò gùn. Sáàmù fúnra rẹ̀ pín sí ìwé márùn-ún, ìkíní parí sí Sáàmù 41. Fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, má tì í, má gba íméèlì ẹnikẹ́ni kó tó kà á. Ta mẹ́rin yòókù. Sọ pé ẹni tí kò bá ní owó kó kọ̀wé sí ọ, kó o sì fún un láì bi í ní ìdí. Mo rò pé ìyàwó rẹ á gba ìyẹn. Bí kò bá gbà, ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn, kò sí nínú iṣẹ́ tèmi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ mi ló bá mi fi áàpù Bíbélì ọ̀fẹ́ sórí fóònù, mo sì ra ìwé àlàyé kan àti ìwé àdúrà kan nínú rẹ̀. Fóònù bàjẹ́, wọ́n ra tuntun fún mi. Áàpù wọlé, àwọn ìwé mi kò wọlé. Mo ní kí ọmọ mi kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù, wọ́n ní àwọn kọ́ ni mo sanwó fún. Ta ni mo wá sanwó fún?

ÈSÌ: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbéèrè yín gún régé, ó sì yẹ kí ẹni tó tà á fún yín ti dáhùn rẹ̀ kí ẹ tó san nǹkan kan. Ẹni mẹ́ta ló wà nídìí irú ọjà yìí, bẹ́ẹ̀ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní lórí fóònù: ẹni tó ṣe áàpù, ẹni tó ni ìwé, àti ẹni tó gba owó. Nígbà míì ẹnìkan náà ni. Nígbà míì wọn ò tilẹ̀ mọ ara wọn.

Ẹ ní kí ọmọ yín wá ìwé ẹ̀rí owó nínú íméèlì. Bó bá jẹ́ orúkọ Google tàbí Apple ló wà lórí rẹ̀, ilé ìtajà áàpù lẹ ti rà á; kí ẹ wọlé sórí fóònù tuntun pẹ̀lú àkáǹtì tí ẹ fi rà á, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Restore Purchases" sí nínú áàpù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń parí sí. Àmọ́ bí fóònù àkọ́kọ́ bá jẹ́ Android, tí tuntun sì jẹ́ iPhone, títẹ̀ yẹn kò ní ran nǹkan kan, nítorí ohun tí ẹ rà lọ́dọ̀ Google kì í dá sọdá sọ́dọ̀ Apple. Ẹni tó ni ìwé nìkan ló lè ṣàánú yín nígbà náà. Bó bá sì jẹ́ orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí ìwé ẹ̀rí, ẹni yẹn lẹ máa kọ̀wé sí. Ẹ fi ẹ̀rí owó àti ọjọ́ tí ẹ rà á sí i, kí ẹ sì sọ pé kọ́kọ́rọ́ tuntun lẹ fẹ́. Ẹ má bẹ̀bẹ̀, ẹ ti sanwó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò dùn ún sọ fún àgbà. Ohun tí ẹ rà kì í ṣe ìwé bí ìwé orí tábìlì. Àṣẹ láti máa kà á ni wọ́n tà fún yín. Èyí tí a fi awọ dì, ẹ lè fà á lé ọmọ lọ́wọ́. Ti inú fóònù, àfi bí ẹni tó tà á bá gbà. Tí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn, ẹ bi í ní gbangba pé: bí fóònù mi bá kú ńkọ́? Bó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, ẹ pa owó yín mọ́. Bó bá sì jẹ́ irú èyí tó ń lo kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ náà sẹ́yìn Bíbélì onítákàdá yín. Tèmi wà níbẹ̀, lábẹ́ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wa, ẹnìkan máa ń pín àwọn ìwé tí wọ́n ń tà, tó ti bá wa ṣí i sílẹ̀. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ní ẹni tó ni ín. Kí ni kí n sọ?

ÈSÌ: Sọ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà kó o bi wọ́n pé, àlàyé tí ẹnìkan jókòó kọ lórí rẹ̀ ńkọ́? Àwòrán ilẹ̀ tí ẹnìkan yà ńkọ́? Ìtumọ̀ tí ìgbìmọ̀ kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe?

Bó bá jẹ́ pípín ló wù wọ́n, ohun tí wọ́n lè pín kò lópin. Matthew Henry, tó kọ àlàyé lórí Bíbélì, kú ní 1714, kò tilẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ló bá a dé, àwọn òjíṣẹ́ mìíràn ló bá a kọ ọ́ láti Róòmù dé Ìfihàn. Kò sí ẹni tó máa bínú pé wọ́n pín ìyẹn. James Strong gbé ìwé atọ́ka rẹ̀ jáde ní 1890, ó fún ọ̀rọ̀ Hébérù ní nọ́ńbà títí dé 8674, títí di òní sì ni sọ́fútíwíà Bíbélì ń jẹ lára iṣẹ́ ọkùnrin yẹn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ń parí. Fún module SWORD, kò tilẹ̀ gba ìṣirò: nínú fáìlì .conf tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan wà tó ń jẹ́ DistributionLicense. Bó bá kà pé Public Domain, kí wọ́n máa pín in. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Copyrighted, kí wọ́n ka ìlà náà dópin kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, àwọn òǹtajà náà ní tiwọn. Àwọn kan wà tó ń kó Matthew Henry yìí kan náà, tí wọn ò tún lẹ́tà kan ṣe nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tà á fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú áàpù tó mú dání. Òfin kò mú wọn. Kapēlos ni wọ́n. Ẹni tó bá jókòó tún àṣìṣe tí ẹ̀rọ ṣe nígbà tó ń ka ìwé àtijọ́ ṣe, tó so ẹsẹ mọ́ ẹsẹ, ìyẹn ti ṣiṣẹ́. Kó sọ iṣẹ́ tó ṣe, kó gba owó rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń pín in nínú ẹgbẹ́ yín, má bá a jà lójú gbogbo èèyàn. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bi í bóyá ó lè fi ìwé yẹn sójú ẹgbẹ́ bí òǹkọ̀wé náà bá wà láàárín yín. Ohun tó bá fi dá ọ lóhùn, jẹ́ kó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ áàpù ni mò ń ṣe. Mo mú kóòdù áàpù Bíbélì kan tó wà lábẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo kóòdù kó sì tún un ṣe, mo tún ojú rẹ̀ ṣe, mo fi ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ tí mo kọ sínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní mi ò lè tà á torí pé "free" ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÈSÌ: Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kó ọ̀rẹ́ rẹ sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ohun méjì tí àwa ti yà sọ́tọ̀ tipẹ́: ọ̀fẹ́ àti òmìnira. GPL, tí ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1991, òmìnira ló ń wí. Iye tó bá wù ọ́ ni kó o ta áàpù náà. Àmọ́ ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ lè gba kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú, tòun ti gbogbo àtúnṣe tó o ṣe, lábẹ́ àṣẹ kan náà. O ò sì lè dí i lọ́wọ́ láti tún fún ẹlòmíì, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó. O ò gbọdọ̀ pa orúkọ àwọn tó ni ín ṣáájú rẹ́. Bí èyí bá ká ọ lára, kọ kóòdù tìrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sì ṣi GPL mú fún gbogbo ohun tí wọn kì í gba owó lé lórí o: e-Sword tí mo dárúkọ lókè, ọ̀fẹ́ ni, kò sí lómìnira, o ò lè mú un kó o yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ rẹ ni kó o ronú lé lórí. Orin kì í ṣe ara rédíò. Ìwé tí áàpù ń gbé jáde lè wà lọ́tọ̀ lọ́nà kan náà. Yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò nínú kóòdù, jẹ́ kó jẹ́ fáìlì tí èèyàn á dáńlóòdù lẹ́yìn tó bá ti fi áàpù sórí fóònù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ́wọ́ tèmi o, áàpù ni mo máa jẹ́ kó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kọ́ ni mo máa tà.

Kó o tó fi iye lé e, mọ̀ pé ilé ìtajà áàpù máa yọ tirẹ̀. 30 nínú 100 ni wọ́n ń yọ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2021, Apple àti Google sọ ọ́ di 15 fún àwọn kéékèèké tí owó tí wọ́n ń rí lọ́dún kò kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là. Ṣọ́ra fún ti Apple ju ti ìkejì lọ, ìlànà ilé ìtajà wọn àti GPL kì í gbọ́ ara wọn yé. Nítorí irú ìjà yìí ni wọ́n fi yọ VLC, áàpù tí wọ́n fi ń wo fídíò, kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ó sì di 2013 kó tó padà, lẹ́yìn tí àwọn tó ṣe é ti yí àṣẹ rẹ̀ padà. Kóòdù tó o mú, tìrẹ kọ́, o ò lè yí àṣẹ tirẹ̀ padà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo ti ń gba ìwàásù olùṣọ́-àgùntàn wa sílẹ̀ lórí fóònù fún ọdún méjì, mo sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ tà á nínú áàpù Bíbélì ọ̀fẹ́, kí n sì máa san ìdá mẹ́wàá rẹ̀ fún ìjọ. Wọn ò tíì mọ̀. Mo fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún wọn.

ÈSÌ: Á yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́. Ìdá mẹ́wàá ohun tí kì í ṣe tìrẹ, ta lo fẹ́ san án fún? Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, àwọn ni wọ́n sọ ọ́. Lọ bá wọn kó o tó ṣe ohunkóhun sí i, kó o má sì lọ lọ́wọ́ òfo: gbé gbogbo ohun tó o tẹ̀ dání. Bí wọ́n bá gbà, ní kí wọ́n buwọ́ lùwé, kí ẹ sì jókòó kà á pa pọ̀ láti ewé àkọ́kọ́ dé ìparí, nítorí ọdún méjì ìwàásù kò lè ṣàìní ibi tí wọ́n ti sọ ẹjọ́ ọkọ àti aya kan nínú ìjọ láìdárúkọ, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ wọ́n.